Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Balẹ̀ Ni Kó Wá Gbàwé

Gbogbo Ọjọ́rú ni mo máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì fèrèsé ilé ìwòsàn ọpọlọ tí wọ́n gbà mí sí, kí n lè gba ìwé ìtọ́jú mi. Òfin ní ẹ̀tọ́ mi ni, àmọ́ gíláàsì ọ̀hún kì í yí sí àwọ̀ ewé, kó sì yọ ìwé, fún ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń lù kìkì. Ta wá ni àyà rẹ̀ ò ní lù níwájú irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Lónìí, ó tún di pupa fòò. Mo fẹ́ fa ọwọ́ mi kúrò nígbà tí akọ̀wé tuntun, ìyá àgbà kan, dá mi dúró.

"Ìyáàfin Ṣówándé, ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ ká kíra. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo dá wọn lóhùn, èmi náà béèrè ará ilé wọn. Ká tó kíra tán, gíláàsì ti yí sí àwọ̀ ewé.

Ìwé jáde, ojú ewé mọ́kànlélógún. Àkọ́kọ́ ní ara mi ti yá pátápátá, kí n máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú ogún tó kù: "Ó tún wá béèrè ìwé rẹ̀. Ara rẹ̀ kò balẹ̀."