Ìbọ̀wọ́ Oníbátìrì

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú biribiri ní apá àríwá Kánádà tí Fáníran ń gbé. Ọkọ̀ rẹ̀ ti kú sójú ọ̀nà, ló bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé epo. Bátìrì ló ń mú ìbọ̀wọ́ àti bàtà rẹ̀ gbóná. Bí bátìrì bá tán kó tó débẹ̀, òtútù á jẹ ìka rẹ̀ tán.

Yìnyín ń dún kẹ̀kẹ̀ lábẹ́ bàtà rẹ̀. Nígbà tó dúró kó sinmi, yìnyín tún dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan.

Ìyá àgbà kan yọ níwájú, ó wé gèlè lókè ẹ̀wù òtútù.

“Ẹ kú òtútù o,” ni ìyá wí.

Inú Fáníran dùn gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan yìnyín. “Háà, Mọ́mì! Èmi ọmọ yín lẹ̀ ń kí báyìí? Ṣé ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni? Ẹ sọ pé ‘o kú òtútù’, ẹ jàre.”

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. “Mo mọ̀ pé mo bí irú ẹ lọ́mọ. Ìwọ nìkan kọ́ ni mo kí.”

Ó ya sí òdì kejì títì, ó ń yára lọ.

Fáníran wo ọwọ́ rẹ̀. Iná ara ìbọ̀wọ́ méjèèjì ti kú. Ti ọ̀tún ti tutù bí òkúta. Ti òsì ṣì gbóná, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì rọra di ìka rẹ̀ mú.