Owó Àgbàṣe Kaosarah

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, Alhaji Mánsúrù ránṣẹ́ sí Ràfátù, ìyàwó Rasheed, àbúrò rẹ̀ tó ti di olóògbé, ní Agbowó, pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì máa wá bá òun ṣiṣẹ́ lóko. Oko náà kò tóbi. Mọ́níyà ló wà, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ àti ata, ilé adìẹ kan, àti adágún ẹja tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ.

Kaosarah ni àgbà nínú àwọn ọmọ náà, ó ti pé mẹ́rìndínlógún. Owó ìdánwò àṣekágbá ló ń wá. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, ohun tó sì ń rí nídìí ẹ̀rọ kò kọjá owó ilé àti oúnjẹ. Bí owó ìdánwò kò bá tètè pé, Kaosarah á jókòó sílé fún ọdún kan. Ó mọ àwọn ọmọbìnrin tó jókòó bẹ́ẹ̀ ní Agbowó tí wọn ò dìde mọ́. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà á gan-an.

Nílé Alhaji ní Bódìjà, iye tó yẹ kí wọ́n san fún àwọn ọmọ yìí di àríyànjiyàn. Lójú Alhaja Islamiat, ìyàwó rẹ̀, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ owó tiẹ̀ wọ̀ ọ́. Ọmọ ẹbí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹbí. Kí wọ́n fún wọn ní ẹyin àti ata lọ sílé, kí Alhaji san owó ìdánwò Kaosarah, ó parí.

"Rárá o," ni Alhaji wí. "Ìyẹn á dà bí ẹ̀bùn. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, owó iṣẹ́ ni kí wọ́n gbà."

Ẹnu ya Alhaja. Ọkọ rẹ̀ máa ń yọ owó lápò bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ni.

Alhaji kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ó bi alfa wọn, alfa sì ní Ànábì ti sọ pé kí á san owó alágbàṣe kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ. Alhaji ní kó tún un sọ kí àwọn tó dúró nítòsí lè gbọ́. Ó bi àwọn tó ń ta oúnjẹ adìẹ lọ́jà Bódìjà. Nígbà tó yá, ó lọ bá Bàbá Àyànkúnlé, àgbà àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà ní Mọ́níyà, pé èló ni géńdé ń gbà lójúmọ́ báyìí.

Bàbá wò ó títí. "Àwọn ọmọ Rasheed lo fẹ́ sanwó fún?"

"Àwọn ni, Bàbá. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo rẹ́ wọn jẹ."

Bàbá dárúkọ iye náà. Alhaji ní iye géńdé náà ni òun máa san fún àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ahmed, àbúrò Kaosarah, kò tíì lè gbé àpò oúnjẹ adìẹ kan tán.

Àwọn ọmọ náà ṣiṣẹ́. Wọ́n ro ẹ̀gẹ́, wọ́n kó ìgbẹ́ adìẹ, wọ́n pààrọ̀ omi ẹja. Ọwọ́ Kaosarah bó, ó fi àkísà wé e, ó ń bá a lọ. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ràn ibẹ̀, ọkàn òun máa ń balẹ̀ tí òun bá ti wọ inú oko náà. Lọ́jọ́ kan Ahmed gbin igi máńgòrò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Alhaji rẹ́rìn-ín, ó ní alágbàṣe kì í gbin igi sóko olóko, ó sì dúró tì í títí Ahmed fi hú u.

Ìparí ìsinmi ni Alhaji tó sanwó, nígbà tí òógùn ti gbẹ tipẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí owó náà fọ́n ká ni. Ó gbé àga sábẹ́ àtíbàbà lóko, ó pe Ràfátù, ó pe alfa, ó sì fi ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ gbé Bàbá Àyànkúnlé wá. Ó kó owó náà lé Kaosarah lọ́wọ́, ó lé díẹ̀ sí iye tó yẹ kí wọ́n gbà.

"Kí lo gbà lọ́wọ́ mi? Sọ ọ́ sókè, etí Bàbá kò gbọ́ dáadáa mọ́."

"Owó àgbàṣe tí a ṣe lóko yín ni, sà. Ó pé. A dúpẹ́, sà." Omi ti lé sí i lójú. Owó ìdánwò rẹ̀ ti pé.

Ràfátù kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán. Ó ní bí bàbá àwọn ọmọ náà bá wà láyé, kò lè ṣe jù báyìí lọ. Alfa ṣàdúà. Wọ́n gbé jọ̀lọ́ọ̀fù fún Bàbá Àyànkúnlé, ó ní ebi kò pa òun, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Nínú ọkọ̀, Alhaja Islamiat ní kí ọkọ òun dárí ji òun, òun ti rò pé ahun ni.

"Rasheed ló ra ilẹ̀ yẹn láì sọ fún ìyàwó rẹ̀, Bàbá Àyànkúnlé sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà," ni Alhaji wí, bó ṣe ń ya sí ọ̀nà Òjòó, "àmọ́ ó ti ṣojú òun náà lónìí báyìí tí àwọn ọmọ gba owó àgbàṣe lórí ilẹ̀ bàbá wọn, tí wọ́n sì fẹnu ara wọn pè é ní oko mi."