Ẹ Gbé Ará Gánà Yìí Lọ!

Ní 1983, ìjọba pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé kẹ́rù ẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ Sàrátù mú òṣìṣẹ́ ìjọba wọ agbo ilé wọn n'Ìwó.

"Ìyàwó ọmọ mi rèé. Ará Gánà ni!"

Sàrátù sáré jáde, tòun tọmọ lẹ́yìn. Ìwó ni wọ́n bí i sí, àmọ́ kò níwèé kankan.

Òṣìṣẹ́ náà fi èdè Gánà bi í ní ìbéèrè kan.

Sàrátù ń wò ó ṣùn-ùn.

"Ọ̀gá ń bèèrè orúkọ bàbá ẹ!" Ìyá ọkọ rẹ̀ jágbe. "Ṣé o dití ni?"

Òṣìṣẹ́ náà rọra yíjú.

"Màmá, níbo ni wọ́n bí ẹ̀yin sí?"

Ìyá di Sàrátù láṣọ mú.

"Sàrátù, ọmọ mi àtàtà, ṣàlàyé fún wọn. Ọkọ ló gbé mi wá!"