Ohùn Kejì Ernestine Tolliver

Ohùn méjì ni Ernestine Tolliver ní. Àkọ́kọ́ ni ó fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó sì fi ń bá Lucious ọkọ rẹ̀ jà. Èkejì, ohùn òyìnbó, kì í jáde àfi tí ó bá gbé tẹlifóònù sétí. Imú ni ìyẹn ti ń wá, ó tín-ín-rín, ó tutù, ó sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ohunkóhun kò pa á lẹ́rìn-ín. Nínú ilé ìdáná àwọn òyìnbó olówó, níbi tí ó ti se oúnjẹ fún ọgbọ̀n ọdún, ni ó ti kọ́ ọ. Òun ni ó fi gba ilé tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ Hodges, òyìnbó onílé kan tí kò rí ojú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ó wá gba kọ́kọ́rọ́. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ní ìlú Ernestine ní Alabama, ìgbà tí wọn kò bá rí ojú ẹni ni ọ̀rọ̀ máa ń dùn. Kò sí obìnrin dúdú kan níbẹ̀ tí kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀, wọn kò sì kà á sí irọ́.

Ní oṣù kejì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ba kókó kan ní ọmú òsì. Dókítà ìlú wọn fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó ní ọ̀rá ni, kí ó dín búrẹ́dì àgbàdo kù. Ó padà lọ ní oṣù kẹrin, dókítà ní ọ̀rá náà ni. Ní oṣù kẹfà, ó gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ lé itan nínú yàrá dókítà, ó ní òun kò ní dìde àfi tí ó bá kọ ìwé fún òun láti lọ rí dókítà jẹjẹrẹ ní Birmingham. Dókítà kọ ọ́, kí ó lè ráyè lọ jẹun ọ̀sán.

Ọ̀rá ni wọ́n pe ti Odessa àbúrò rẹ̀ náà, títí Odessa fi kú. Ernestine kò sọ ìyẹn fún dókítà. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi.

Ohùn rẹ̀ gan-an ni ó fi pe ilé ìwòsàn ní Birmingham, torí ó rò pé ọ̀rọ̀ àìsàn kò gba àrékérekè. Ọkùnrin kan gbé tẹlifóònù, kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ délẹ̀, ó ní kí ó wá ní oṣù mẹ́rin sí i.

"Oṣù mẹ́rin?" ni Lucious wí. "Ṣé ẹsẹ̀ ni dókítà ọ̀hún ń fi rìn bọ̀ ni?"

"Má pa mí lẹ́rìn-ín, Lucious. Inú ń bí mi."

"Ìyáàfin yẹn dà, tó gba ilé lọ́wọ́ Hodges? Pè é jáde, jàre. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i."

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Lucious kò tíì sùn dáadáa láti oṣù kejì.

Ní ọjọ́ kejì, Ernestine jókòó ṣánṣán, ó kun ètè bí ẹni pé tẹlifóònù lójú, ó sì fi ohùn kejì pè. Obìnrin ni ó gbé e lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi tó ní yìnyín nínú.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyáàfin ọ̀wọ́n. Ìyáàfin Ernestine Tolliver ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ó dà bí ẹni pé àṣìṣe díẹ̀ wà nínú ọjọ́ tí ẹ fún mi."

Obìnrin náà bi í pé, "Ṣé ẹ ti pè wá tẹ́lẹ̀ ni, ìyáàfin?"

"Lánàá ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin yín ló gbé e. Ó jọ pé ó ń kánjú."

"Mo gbọ́. Àyè kan wà ní Ọjọ́bọ̀ yìí, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ṣé ó rọ̀ yín lọ́rùn?"

"Ẹ jẹ́ kí n wo ìwé ètò mi." Ó gba ìwé ìròyìn ọwọ́ Lucious, ó ṣí i pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá tẹlifóònù. Lucious ti fìlà bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́bọ̀ dára."

"Ìwé ètò!" ni Lucious kígbe nígbà tí ó gbé e sílẹ̀. "Ẹja lo fẹ́ dín ní Ọjọ́bọ̀!"

"Òyìnbó mọ òyìnbó," ni Ernestine wí, ó ń yangàn. Lẹ́yìn náà ni ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Tó bá wá rí ojú mi ńkọ́? Tó bá ní àyè ọ̀hún ti lọ?"

Lucious dé fìlà rẹ̀ padà, ó lọ wo epo ọkọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ernestine dé fìlà tí ó fi ń ṣọdún Àjíǹde, wọ́n sì gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́.

"Màá wọlé ṣáájú," ni Lucious wí nínú ọkọ̀. "Màá ní ìwọ ni ìyá tó ń se oúnjẹ fún Ìyáàfin Tolliver, àti pé ìyáàfin ṣì ń wá ìbọ̀wọ́ rẹ̀."

"Ojú ọ̀nà ni kó o máa wò."

Ọmọbìnrin dúdú kan tó di irun ni wọ́n bá nídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀. Ọkàn Ernestine balẹ̀, lẹ́yìn náà àyà rẹ̀ já, torí ó wo ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn ọmọbìnrin náà. Ibẹ̀ ni obìnrin olómi yìnyín orí tẹlifóònù yóò gbà jáde. Ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ohùn ilé.

"Ọmọ mi, gbà mí. Òyìnbó ọ̀gá yín kan ló fún mi ní àyè aago mẹ́sàn-án lórí fóònù. Kò mọ̀ pé irú wa ni mí. Jọ̀ọ́, kọ orúkọ mi sílẹ̀ kó tó yọjú."

Ọmọbìnrin náà kọ orúkọ rẹ̀, ó so bébà mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, ó sì tẹ aago pe nọ́ọ̀sì.

"Kò sẹ́ni tó máa yọjú, Mà," ni ó wí.

Nígbà náà ni ó fi imú sọ ọ́, ó tutù bí omi yìnyín, pé, "Ẹ káàárọ̀, Ìyáàfin Tolliver," kí ó tó padà sí ohùn tirẹ̀: "Èmi ni mo máa ń fi àyè aago mẹ́sàn-án yẹn pamọ́ fún ẹni tó bá fi irú ohùn yẹn pè, Mà, torí kò sẹ́ni tó ń fi pè àfi ẹni tí wọ́n ti kọ́kọ́ lé nígbà tó fi ohùn ara ẹ̀ pè, àti pé màmá tèmi ò mọ̀ ọ́n ṣe, ó dúró de oṣù mẹ́rin tiẹ̀, ikú ò dúró."