Paini Etí Géètì

Ẹni tó bá mọ igi paini dáadáa kì í fi ojú lásán dá a mọ̀. Ńṣe ni yóò já ewé rẹ̀, tí yóò fi àtẹ́lẹwọ́ rún un, tí yóò sì gbóòórùn rẹ̀. Ohun tó gbé Ìyá Ṣijúadé, tó ń ta òdòdó, dé ilé àdádó kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn. Àlájà tó ni ilé náà ló pè é lórí fóònù.

"Ìyá Ṣijúadé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ igi etí géètì wò. Kò jọ àwọn yòókù."

"Àlájà, ṣebí ọwọ́ mi ni mo fi gbìn wọ́n! Paini ni gbogbo wọn."

Nígbà tó débẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń já, ó ń rún. Gbogbo wọn ń ta sánsán bíi rọ́ọ̀bù. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó dé etí géètì. Atẹ́gùn kankan ò fẹ́, síbẹ̀ igi náà ń lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń mí.

Ó fa ewé tín-ín-rín kan já, ó rún un. Òrí ló ń rùn, òrí tí obìnrin fi ń pa irun.

Ohùn kan dún jẹ́jẹ́ láti inú igi náà.

"Ẹ rọra, Ìyá Ṣijúadé. Irun mi lẹ fà já yẹn."