Búrẹ́dì Ántónì Mímọ́

Láti ìgbà tí ògiri ilé ti ń gbé oúnjẹ jáde, ebi ò pa ẹnikẹ́ni mọ́. Síbẹ̀, Màmá Fẹlísíà yan búrẹ́dì ọdún Ántónì Mímọ́.

"Màmá, ẹ ní tálákà là ń fún. Ta ló kù?" ni Mọrádéyọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀, bi í.

Ẹ̀rù ba Màmá pé ọwọ́ òun ni àṣà náà yóò kú sí. Ó ṣáà fi búrẹ́dì kan rán ọmọ náà sí Baba Akínsànyà tó ń dá gbé lódìkejì òpópónà.

"Ògiri mi ti bọ́ mi yó," ni baba náà wí látinú ilé.

Màmá gbọ́ tí ọmọ náà fèsì pé, "Ṣé ògiri náà kí yín kú ọdún Ántónì Mímọ́, sà?"

Ilẹ̀kùn ṣí. Baba bu búrẹ́dì náà sí méjì. "Jókòó. Ta ni Ántónì yìí?"

Mọrádéyọ̀ jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà gan-an bí Màmá ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.