Obìnrin Orí Òrùlé Ipaja

Ipaja ni okùn fáíbà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, parí sí. Wọn kò tíì gbẹ́ ilẹ̀ dé Ẹ̀gbẹ́dá, nítorí náà àwo kan lórí òrùlé kan ní Ipaja ló ń ju nẹ́tíwọ̀kì gba ojú ọ̀run wá sí àwo tó wà lórí dẹ́kìn, òrùlé pẹrẹsẹ ilé àwọn Títí. Àwo méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síra gan-an. Julius ló ń tọ́jú ti Ẹ̀gbẹ́dá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àdíját ló ń tọ́jú ti Ipaja.

Láràárọ̀ ni Títí ń gbé oúnjẹ gòkè fún Julius. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀wà àti dòdò ni. Julius kò bojú wẹ̀yìn. Fóònù wà létí rẹ̀.

"Àdíját, yí i sápá ọ̀tún díẹ̀. Hẹn-ẹn! Má fọwọ́ kàn án mọ́. O ṣé, jàre."

Ó rẹ́rìn-ín. Títí gbé abọ́ kalẹ̀ gbàgà.

"Kí ló ń pa ẹ̀yin méjèèjì lẹ́rìn-ín?"

"Iṣẹ́ ni, Títí."

"Iṣẹ́ ti wá ń pani lẹ́rìn-ín?"

"Oúnjẹ rẹ dùn." Kò tíì tọ́ ọ wò.

Olúfúnkẹ́ aránṣọ, ọ̀rẹ́ Títí, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Títí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nísàlẹ̀. "Ìwọ ń dáná, ẹlòmíràn ń gbádùn ẹ̀rín. Má sùn o!"

"N ò sùn," ni Títí wí. "Obìnrin tó bá ń lé ọkọ ọlọ́kọ, ojú á tì í."

Lọ́sàn-án, Julius lọ ra bátìrì ní Akowonjo. Títí ṣí ilẹ̀kùn dẹ́kìn. Ó mú sípánà nínú àpótí Julius, ó tú nọ́ọ̀tù kan, ó ti àwo náà ní ìwọ̀n ìbú ìka kan, ó sì dì í padà.

Kí Julius tó dé, nẹ́tíwọ̀kì ti lọ ní gbogbo àdúgbò.

"Afẹ́fẹ́ ni, ṣá," ni Títí sọ fún un.

Julius yí àwo náà títí, kò bọ́ sí i, ó wá pe Àdíját pé afẹ́fẹ́ ti yí i. Ní ìrọ̀lẹ́, Àdíját fúnra rẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ wá láti Ipaja. Ó fọwọ́ pa ojú nọ́ọ̀tù tí sípánà ti ha, ó yí àwo náà díẹ̀díẹ̀, ariwo ayọ̀ sì sọ nísàlẹ̀. Títí dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó káwọ́ gbera. Julius ń wolẹ̀.

Àdíját nu ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ orúnkún díẹ̀ kí Títí, ó ní, "Ọmọ onílé, ẹ kú ilé o, afẹ́fẹ́ kì í lo sípánà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda ọkọ mi fún mi, àwọn ọmọ rẹ̀ ń retí rẹ̀ nílé."